Àánú Tàbí Àbámọ̀: Yíyàn àti Ìparí Ìtàn Nínú Géèmù Onítàn, Pẹ̀lú Àmúlò Rẹ̀ Fún Kíkọ́ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Commerce ni wọ́n ń pe àdúgbò ọlọ́jà tó wà láàárín gbùngbùn ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Orúkọ náà kò nílò àlàyé púpọ̀: òwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú òwò ní orílẹ̀-èdè náà. Ànàgó ni àwọn onílé ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọmọ tí irú òbí bẹ́ẹ̀ bá tọ́ dàgbà ní Commerce kì í gbọ́ èdè kan ṣoṣo láti òwúrọ̀ di alẹ́. Yorùbá ni ìyá rẹ̀ fi ń jí i, Dioula ni àwọn oníbàárà fi ń ná ọjà, Baoulé ni èdè àwọn onílẹ̀, Faransé sì ni èdè ilé-ìwé. Kò sí ohun tó burú nínú èyí. Ohun tó yẹ kí ó kan olùkọ́ èdè ni ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan dé nínú ìgbésí ayé ọmọ náà. Bí Yorùbá bá wà fún ìkíni, ìránníṣẹ́ àti ìbáwí nìkan, tí ó sì jẹ́ pé Faransé ni ọmọ fi ń ro ohun tó wúwo lọ́kàn, kò ní pẹ́ tí Yorùbá yóò fi di èdè tí ó ń gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè fi dáhùn. Kò sì dìgbà tí a bá dé Bouaké. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn àti ní Èkó. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kàn gba ipò Faransé.

Lára ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ro ohun tó wúwo lóde òní ni géèmù. Kì í ṣe géèmù bọ́ọ̀lù tàbí ti ìfagagbága ni iṣẹ́ yìí ń tọ́ka sí, bí kò ṣe géèmù onítàn, èyí tí ó ní ibùdó ìtàn, ẹ̀dá-ìtàn àti àhunpọ̀ ìtàn gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn àròsọ, àmọ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tó ń ta á ni yóò máa pinnu ohun tí olú ẹ̀dá-ìtàn yóò ṣe. (Bí a ṣe ń ta ayò ni a ó ṣe máa ta géèmù nínú iṣẹ́ yìí. Atagéèmù ni a ó máa pe ẹni tó ń ta á, nítorí òṣèré ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ìtàgé.) Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè ní ìparí méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ atagéèmù ni yóò sì jẹ́wọ́ pé àwọn sunkún ní ìparí rẹ̀. Báwo ni yíyàn atagéèmù ṣe ń mú kí ìparí ìtàn wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀? Kí sì ni olùkọ́ Yorùbá lè rí mú níbẹ̀? Èrò iṣẹ́ yìí ni pé ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà nínú ọ̀rọ̀ kan tí Yorùbá ti ní tipẹ́tipẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni àbámọ̀.

Ìyá méjì, odò méjì

Ṣàṣà ni ọmọ tó dàgbà ní Bouaké tí kò gbọ́ ìtàn Abla Pokou rí. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìjà oyè ṣẹlẹ̀ ní Kùmásí ní ilẹ̀ Àṣántì, Pokou sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá gba ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀tá ń lé wọn bọ̀ lẹ́yìn, odò Comoé kún dí wọn lọ́nà níwájú. Ìtàn sọ pé ohun tó ṣọ̀wọ́n jù lọ fún wọn ni odò béèrè. Pokou ju ọmọkùnrin rẹ̀ sínú omi, odò sì fún wọn lọ́nà. Ẹ̀dà ìtàn kan tilẹ̀ sọ pé àwọn erinmi ló tò bí afárá tí wọ́n gba orí wọn kọjá. Nígbà tí wọ́n gòkè odò, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ayaba kò ju pé ọmọ náà ti kú. Inú gbólóhùn kékeré yẹn ni wọ́n ní orúkọ Baoulé ti jáde. Sakassou, ibùjókòó ọba Baoulé, kò jìnnà sí Bouaké. Ìtàn ilé ni, kì í ṣe ìtàn òkèèrè.

Olùkọ́ Yorùbá tó bá ń ka èyí yóò ti máa rántí Mọrèmi. Àwọn Ugbò ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Mọrèmi lọ sí odò Ẹ̀sìnmìnrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá lè rí àṣírí àwọn ọ̀tá, ohunkóhun tí odò bá fẹ́ ni òun yóò fún un. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó di aya ọba Ugbò, ó sì mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ ni àwọn tí Ifẹ̀ ń pè ní iwin, wọ́n kàn fi koríko bora ni. Ó sá padà wálé, ó tú àṣírí, Ifẹ̀ ṣẹ́gun. Nígbà tí ó wá kó ẹran lọ san ẹ̀jẹ́, odò kọ ẹran. Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni odò fẹ́.

Ìtàn méjèèjì jọra débi pé ènìyàn lè rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ̀yà ara wọn yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ yìí. Pokou mọ ohun tí yóò sọnù kí ó tó ṣe é. Ojú rẹ̀ wà lára ọmọ, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tí ogun ti ń bọ̀. Yíyàn àti ìparí wà lójú kan náà. Mọrèmi ní tirẹ̀ ti yàn tipẹ́ kí ó tó mọ ohun tí ó yàn. Ọjọ́ tí ó la ẹnu jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni ó ti yàn. Ọjọ́ tí odò béèrè ọmọ, gbèsè lásán ni odò wá gbà. Bí a bá fi ojú ẹni tó ń ṣe géèmù wò ó, ìtàn Mọrèmi ni ó jinlẹ̀ jù, nítorí pé ìparí rẹ̀ ń mú ẹni padà sí ìbẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí mo sọ pé ohunkóhun?

Ẹni tó gbọ́ ìtàn méjèèjì lẹ́nu ìyá àgbà yóò káàánú àwọn ìyá wọ̀nyí. Àánú ni ìmọ̀lára ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni náà ló tẹ bọ́tìnnì tí Mọrèmi fi jẹ́ ẹ̀jẹ́, tí ó sì jẹ́ pé bọ́tìnnì kejì wà níbẹ̀ tí kò tẹ̀, àánú nìkan kọ́ ni yóò kù sí i lọ́kàn. Àbámọ̀ yóò bá a. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà wò: à bá mọ̀. Gbólóhùn kan odidi ni Yorùbá sọ di ọ̀rọ̀ orúkọ, gbólóhùn tó ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Èyí ni pé nínú èdè yìí, kò sí àbámọ̀ níbi tí kò bá sí ọ̀nà kejì. Òwe tó ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ti sọ ibi tí ó máa ń jókòó sí nínú ìtàn pẹ̀lú.

Ohun tí géèmù mẹ́rin fi hàn

Ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ Dontnod ní ìlú Paris ṣe géèmù Life is Strange, wọ́n sì pín in sí ìpín márùn-ún. Max, akẹ́kọ̀ọ́ kan, ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ó ṣàdédé rí i pé òun lè dá àkókò padà sẹ́yìn. Nítorí náà, bí atagéèmù bá sọ̀rọ̀ tí kò bọ́ sí i, ó lè padà lọ sọ òmíràn. Níwọ̀n ìgbà tí agbára yìí bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, àbámọ̀ kò lè wọlé, àwọn tó kọ ìtàn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìpín kejì, Kate, ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dójú tì, gun òrùlé ilé lọ, ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni agbára Max ti kùnà. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ tí Kate yóò sì gbọ́ dá lórí bí atagéèmù ti ṣe sí i ṣáájú: ǹjẹ́ ó gbé fóònù nígbà tí Kate pè é? Ǹjẹ́ ó fara balẹ̀ wo yàrá rẹ̀ débi tí ó fi mọ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ nílé? Ọ̀pọ̀ atagéèmù ni kò ka ìpè fóònù yẹn sí nígbà tí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ìparí géèmù náà, ìjì líle ń bọ̀ wá run ìlú Arcadia Bay. Max lè jẹ́ kí Chloe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kú kí ìlú lè yè; ó sì lè fi ìlú sílẹ̀ fún ìjì kí Chloe lè yè. Kò sí ọ̀nà kẹta, kò sì sí dídá àkókò padà mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti yàn. Ọ̀dọ́ tó bá ta géèmù yìí ní Commerce, àkọlé Faransé ni yóò máa kà lójú ẹ̀rọ. Ìbéèrè Pokou ni wọ́n bi í, ní ibùsọ̀ díẹ̀ sí Sakassou, àmọ́ inú aṣọ Amẹ́ríkà àti ẹnu Faransé ni ìbéèrè náà gbà wá.

Ẹnì kan lè rò pé ọ̀pọ̀ ìparí ni ó ń fa omijé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú The Walking Dead tí ilé-iṣẹ́ Telltale ṣe ní 2012, Lee ni atagéèmù ń darí, ọkùnrin tó di alágbàtọ́ fún Clementine, ọmọbìnrin kékeré kan tí àwọn òbí rẹ̀ kò sí nítòsí. Bí atagéèmù ṣe ń yan ọ̀rọ̀ àti ìwà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé Clementine yóò rántí èyí. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbé e gbà tí Lee kò fi ní kú. Ohun tó kù fún atagéèmù ní ìgbẹ̀yìn ni láti pinnu ohun tí yóò ní kí ọmọ náà ṣe sí òun, àti irú ọ̀rọ̀ ìdágbére tí yóò bá a sọ. Ìparí kan ni, omijé kò sì dín. Ìdí ni pé títọ́ ni ó tọ́ ọmọ náà láti ọjọ́ kìíní; ohun tí ó kọ́ ọ ni ó rí lójú ọmọ náà ní ìgbẹ̀yìn.

The Witcher 3, tí ilé-iṣẹ́ CD Projekt Red ní orílẹ̀-èdè Pólàńdì gbé jáde ní 2015, lọ jìnnà ju èyí lọ. Geralt, àgbà ọdẹ abàmì ẹranko, ni ó tọ́ Ciri bí ọmọ. Bóyá Ciri yóò padà wálé láàyè ní ìparí tàbí kò ní padà, kì í ṣe orí ogun ńlá ni ó dá lé. Orí àwọn nǹkan bíńtín ni. Nígbà tí inú Ciri bàjẹ́, ṣé Geralt bá a ṣeré nínú yìnyín ni, àbí ó ní kí ó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu? Nígbà tí ó fẹ́ lọ bá àwọn àgbà obìnrin alágbára sọ̀rọ̀, ṣé ó jẹ́ kí ó dá lọ bí àgbàlagbà ni, àbí ó tẹ̀ lé e? Ṣé ó bá a lọ sí ibojì ọ̀rẹ́ rẹ̀? Bí èyí tí kò fi ọkàn tán ọmọ bá pọ̀ jù nínú yíyàn wọ̀nyí, Ciri kò ní padà. Kò sí àkọlé kankan tó kìlọ̀ fún atagéèmù pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Òbí Yorùbá kankan kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ bí èyí ṣe jẹ́ òtítọ́ tó.

Ẹ̀rí òdì wá láti ọ̀dọ̀ Mass Effect 3, géèmù ilé-iṣẹ́ BioWare ti Kánádà. Láti 2007 ni àwọn atagéèmù ti ń gbé yíyàn wọn láti géèmù kìíní bọ́ sí èkejì àti ẹ̀kẹta. Nígbà tí ẹ̀kẹta jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ariwo ta: wọ́n ní ìparí rẹ̀ kò fi hàn pé ohun tí àwọn ti ṣe láti ọdún wọ̀nyí já mọ́ nǹkan. Ariwo náà pọ̀ débi pé ilé-iṣẹ́ náà fi àfikún kún ìparí lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà. Kì í ṣe ìparí aláyọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Ìparí tó rántí wọn ni wọ́n ń fẹ́. Clementine rántí, Ciri rántí. Ibẹ̀ ni agbára wọn wà.

Kí á tó kúrò níbí, kí olùkọ́ má gbé àwọn géèmù wọ̀nyí wọ kíláàsì kékeré. Ìwà ipá àti ọ̀rọ̀ àgbà wà nínú wọn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọmọ ọdún 16 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí fún Life is Strange, ọmọ ọdún 18 sókè fún The Walking Dead àti The Witcher 3. Ẹ̀rọ inú wọn ni olùkọ́ nílò, kì í ṣe àwọn géèmù fúnra wọn.

Kò ṣàjèjì sí ilé

Wándé Abímbọ́lá, nínú àlàyé rẹ̀ lórí ẹsẹ Ifá, fi hàn pé ẹsẹ kan lè ní ìpín mẹ́jọ. Ìpín kẹrin ni ohun tí wọ́n ní kí ẹni tó wá dá Ifá ṣe. Ìkarùn-ún ni bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ìkẹfà ni ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìkeje ni ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ ẹni náà. Ẹni tó bá ń wá àwòrán bí géèmù onítàn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò nílò láti rìn jìnnà sí ìpín mẹ́rin yìí. Yíyàn, àbájáde, ìmọ̀lára: bí wọ́n ṣe tò náà nìyẹn, lábẹ́ odù 256. Ohun tí ẹsẹ Ifá kò ṣe ni pé kò fi yíyàn sí ọwọ́ ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹlòmíràn ló ti rú u tàbí kọ̀ láti rú u.

Àwọn ìtàn àríyànjiyàn náà wà, èyí tí William Bascom kó jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà sínú ìwé kan ní 1975. Ọkùnrin mẹ́ta fẹ́ obìnrin kan: ọ̀kan fi dígí rí i pé ó ń kú lọ, èkejì ní ohun tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kíákíá, ẹ̀kẹta ní oògùn tó jí i. Ta ló ni ín? Apàlọ́ yóò dákẹ́, ariwo àwọn ọmọ yóò sì gba àgbàlá. Níbí, yíyàn wà lọ́wọ́ olùgbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí gbogbo nǹkan ti parí ni ó dé ọwọ́ wọn. Iyàn jíjà ni ó ń bí, kì í bí àbámọ̀.

Ẹni tó súnmọ́ ọn jù lọ ni Véronique Tadjo, òǹkọ̀wé ọmọ Côte d'Ivoire. Nínú ìwé rẹ̀ Reine Pokou, tí ó jáde ní 2005 tí ó sì gba ẹ̀bùn ńlá lítíréṣọ̀ Áfíríkà aláwọ̀-dúdú lọ́dún náà, ó kọ́kọ́ sọ ìtàn Pokou bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè. Bí ìyá bá tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ wọ inú omi ńkọ́? Bí ó bá kọ̀ láti fi ọmọ sílẹ̀, tí ọ̀tá sì ká wọn mọ́, tí wọ́n tà wọ́n lẹ́rú kọjá òkun ńkọ́? Ìwé ni, kì í ṣe géèmù, òǹkàwé kò yan nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá kà á kò tún lè gbọ́ ìtàn àtijọ́ náà bí ìtàn tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo mọ́. Ó yẹ kí á sọ èyí fún àwọn tí yóò ní fífi ọwọ́ kan ìtàn Mọrèmi jẹ́ àfojúdi. Ìtàn Mọrèmi fúnra rẹ̀ ti ní ju ẹ̀dà kan lọ. Àwọn kan ní Olúorogbo kò kú, wọ́n ní ó fi okùn gun òkè ọ̀run lọ ni. Ohun tí ó pọn dandan ni pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ ìtàn náà bí Ifẹ̀ ṣe ń sọ ọ́, kí ó sì mẹ́nu ba ọdún Ẹdì tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀, kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kàn án.

Láti "bí o bá" dé "ì bá"

Ibi tí ọ̀rọ̀ gírámà ti wọlé nìyí. Oríṣi gbólóhùn onípò méjì ni ìtàn oníyíyàn ń pè fún, Yorùbá sì ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kedere. Kí atagéèmù tó yàn, ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀: Bí Mọrèmi bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí, odò yóò ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ó ti yàn, ọ̀nà kejì ti pa dé, ohun tó kù ni: Ì bá ṣe pé Mọrèmi mọ̀ pé Olúorogbo ni odò yóò béèrè, kì bá tí jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà. Gbólóhùn kìíní kò tíì sọ bóyá nǹkan náà yóò ṣẹlẹ̀. Èkejì ti mọ̀ pé kò ṣẹlẹ̀, kò sì lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìrìn láti èyí dé ìyẹn ni gbogbo géèmù onítàn, èdè wa sì ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn ín.

Olùkọ́ tó ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tí èdè mìíràn ti borí Yorùbá lẹ́nu wọn mọ àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí. Ọmọ yóò kọ Bí mo bá mọ̀, mi ò ní lọ, nígbà tí ohun tí ó ní lọ́kàn jẹ́ Ǹ bá mọ̀, n kì bá tí lọ. Ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò rò pé ọmọ náà kò tíì lọ. Kò yani lẹ́nu. Èdè ọjà kún fún bí o bá: bí o bá mú méjì, màá dín in kù fún ọ. Ọmọ Commerce lè gbọ́ irú èyí ní ìgbà ogún kí ilẹ̀ tó ṣú. Òwò kì í fi bẹ́ẹ̀ pe ì bá. Ọ̀fọ̀, ìrònú àti ìtàn ni ó ń pè é. Fífi gbólóhùn mẹ́wàá tí kò ní orí tí kò ní ìrù kọ́ ọ lójú pátákó kì í sì í pẹ́ kúrò lórí ọmọ, nítorí kò sí ẹni tó ń kábàámọ̀ nínú àwọn gbólóhùn náà.

Mọrèmi nínú kíláàsì

Ohun èlò tí ó wà fún irú iṣẹ́ yìí kò gbówó lórí. Twine, tí Chris Klimas ṣe ní 2009, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó lè tẹ lẹ́tà lè fi kọ ìtàn ẹlẹ́ka púpọ̀, kí ó sì fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì kan ṣoṣo tí fóònù lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kì í dà á láàmú. Ilé-ìwé tí kò ní iná lè lo páálí méjìlá tí a kọ nọ́ḿbà sí, kí ìsàlẹ̀ páálí kọ̀ọ̀kan máa sọ èyí tó kàn. Kò sí ohun tí ẹ̀rọ ṣe fún Ciri tí páálí kò lè ṣe fún Olúorogbo, bí ẹnì kan bá wà tí yóò máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ohun tí kíláàsì ti yàn.

Ìṣòro èdè ni yóò kọ́kọ́ dé, òun náà sì ni ẹ̀kọ́. Ta ni ìtàn ń bá sọ̀rọ̀? Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo tó fún atagéèmù àti ayaba. Ní Yorùbá, bí asọ̀tàn bá wí pé O dé etí odò, ó ti fi ojú di aya Ọ̀rànmíyàn. Bí ó bá wí pé Ẹ dé etí odò, ọmọ ọdún méjìlá tó ń ta géèmù yóò wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá àgbà kan wà níbẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí asọ̀tàn máa pe Mọrèmi lórúkọ, kí bọ́tìnnì sì jẹ́ ohùn Mọrèmi fúnra rẹ̀: Màá jẹ́ ẹ̀jẹ́, Mi ò ní jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọmọ tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Bọ́tìnnì kò sì láàyè fún gbólóhùn gígùn, kò sí àyíká ọ̀rọ̀ tí yóò gba òǹkàwé sílẹ̀. Fi ọkọ sílẹ̀ àti Fi ọkọ̀ sílẹ̀ kò lè gbé ẹ̀dá-ìtàn dé ibì kan náà, pàápàá nínú ìtàn obìnrin tó fi ọkọ sílẹ̀ lóòótọ́ nítorí ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń bèèrè pé kí ni àmì ohùn wà fún yóò rí ìdáhùn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ní ti àhunpọ̀ ìtàn, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti etí odò. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn yóò fẹ́ sáré lọ. Kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí Mọrèmi fẹ́ jáde nílé. Olúorogbo di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú pé, "Ẹ dúró kí n kọ́kọ́ sùn." Bọ́tìnnì méjì ló wà: Màá dúró kí ó sùn, Màá máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Kò jọ pé ó já mọ́ nǹkan, kíláàsì kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìtàn yóò lọ sí Ugbò, yóò padà sí Ifẹ̀, ijó yóò wà, ìlù yóò wà. Nígbà tí ó bá di etí Ẹ̀sìnmìnrìn, tí odò ti kọ ẹran, Olúorogbo yóò wo ojú ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yan ti àkọ́kọ́, yóò wí pé, "Ẹ dúró tì mí bíi tọjọ́ yẹn." Bí wọ́n bá ti yan èkejì, yóò wí pé, "Ṣé ẹ tún fẹ́ máa lọ ni?" Ìyókù ìtàn kò yí padà. Bí Lee ti kú ní gbogbo ọ̀nà ni odò yóò gba ọmọ ní gbogbo ọ̀nà. Àwọn ọmọ yóò sì béèrè bóyá wọ́n lè padà sí ojú ewé kìíní.

Ìkìlọ̀ kan ṣẹ́kù tí kò ṣeé fò. Ní Bouaké, ìbéèrè pé kí á lọ ni tàbí kí á dúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ni ìlú náà ti di olú-ibùdó àwọn ológun ọlọ̀tẹ̀, àdéhùn àlàáfíà Ouagadougou kò sì wáyé títí di 2007. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di òbí báyìí, àwọn kan lára wọn sì ti fi ilé tàbí ènìyàn sílẹ̀ kọjá ọ̀nà. Nàìjíríà náà ní àwọn kíláàsì tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sí lónìí. Olùkọ́ tó fẹ́ kí àwọn ọmọ kábàámọ̀ fún Mọrèmi kò mọ èyí tí ẹnì kan nínú wọn ti ń gbé bọ̀ láti ilé. Nítorí náà, kí bọ́tìnnì kẹta máa wà lójú ewé odò, kí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Mi ò fẹ́ yàn, kí ó gbé ọmọ lọ sí ojú ewé tí odò ti ń ṣàn tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kí olùkọ́ má sì béèrè ìdí.

Ojú ewé tó kẹ́yìn kò gbọdọ̀ ní bọ́tìnnì rárá. Àlàfo ni kí ó wà níbẹ̀, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí ní ohùn Mọrèmi, tí yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ǹ bá. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ tán láìmú bírò pupa lọ́wọ́. Àmì ohùn tó sọnù lè dúró di ọjọ́ kejì.